Ìwé Ni Ojú Ẹni Tí Kò Sí Nílé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọmọ Àfọ̀n Lórí Ilẹ̀ àti Ilé Rírà Láti Ìdálẹ̀

Nígbà tí àwọn tó pe ìpàdé yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ìlú tí ń gbé ìdálẹ̀ ṣe lè ra ilẹ̀ tàbí ilé láìfi ara pa, mo rò ó títí, n kò mọ ibi tí n ó ti mú un bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tó wọ ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ mi gba Ayétòrò kọjá, tí ó sì kọjú sí Àfọ̀n níhìn-ín, mo rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà, abẹ́ ẹsẹ̀ wa gan-an ló wà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jókòó ní ìlú Paris, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan, wọ́n sì fi ìwé náà fa ààlà láti etí òkun wá sí òkè. Kò sí Alákétu, ọba Kétu, níbẹ̀, kò sí baálẹ̀ kankan níbẹ̀. Ìlú Kétu pàápàá wà ní ahoro nígbà náà, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Dahomey ti kó o ní ọdún 1886, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n káàkiri. Nígbà tí ìlú tún padà dúró, tí àwọn tó kù padà sórí ilẹ̀ baba wọn, wọ́n bá a pé ààfin Alákétu ti bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Àfọ̀n sì ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ìlárá, àárín ìlú gan-an ni ààlà náà là kọjá, tó bẹ́ẹ̀ tí apá kan fi ń jẹ́ Kanga lọ́hùn-ún títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó sínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1976, ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ kí ó lọ kà á.

Àwọn baba wa tí ìwé ààlà ọdún 1889 kàn mọ ilẹ̀ wọn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n mọ ibi tí pèrègún ti parí oko ẹnìkan, wọ́n mọ odò tó pààlà, wọ́n mọ igi tí bàbá ńlá wọn fi ṣe àmì; síbẹ̀, ìmọ̀ yìí kò gbà wọ́n, nítorí pé ibi tí a ti ń kọ ìwé kọ́ ni wọ́n wà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ní gbogbo àkókò tí n ó fi sọ̀rọ̀: ọmọ wa tó wà ní Peckham tàbí ní Houston lónìí, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun ra ilẹ̀ nílé, ipò tí baba ńlá rẹ̀ wà ní ọdún 1889 ni òun náà wà. Kò sí níbẹ̀. Ìwé ni ojú rẹ̀, ìwé náà ni ẹnu rẹ̀; bí ojú náà bá fọ́, bí ẹnu náà bá yadi, owó tó fi òógùn kó jọ lábẹ́ òtútù yóò di ti ẹlòmíràn.

Ní ìlú mìíràn, bí a bá dárúkọ ìdálẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ni ọkàn ènìyàn ń lọ sí; ní Àfọ̀n níhìn-ín, ìdálẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ọ̀kadà yóò gbé ènìyàn dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn kan nínú yín ní ìyàwó lọ́hùn-ún ní Benin, ní apá tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé nígbà náà, àwọn kan ní oko, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà Kétu. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ìlú Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa láìgba físà fún 90 ọjọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló rò pé àyè àtiwọlé náà ni àyè àtiranlẹ̀. Òtítọ́ kọ́ ni. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba Benin ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2017, kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà ra ilẹ̀ oko. Ohun tó fún un láyè ni kí ó háyà rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan ní Benin ní onílẹ̀ tí òfin mọ̀, titre foncier, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, ni kí ó béèrè, kí ó lọ wò ó ní ilé iṣẹ́ ANDF tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí notaire kọ ìwé náà.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n ń ra ilẹ̀ lọ́hùn-ún ní orúkọ ìbátan tó jẹ́ ọmọ Benin, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ilà òyìnbó kò lè pín wa níyà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìbátan náà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò mọ àdéhùn ẹnu tí ó bá ọ ṣe yóò ṣí àpótí bàbá wọn, wọn yóò rí ìwé tó ní orúkọ bàbá wọn lórí, adájọ́ Benin tàbí ti ilẹ̀ wa kò sì ní gbọ́ ohun tí ẹ jọ sọ lábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ kí a wálé wàyí, nítorí pé ilé ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, ibẹ̀ náà ló sì ti korò jù.

Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ilẹ̀ tí a bí wa lé lórí tí yóò sì gba òkú wa, kò jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo láyé àtijọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé olóyè Olúwa ní Èkó, tí olóyè náà, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, tí Herbert Macaulay sì bá a kọjá òkun, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù lọ ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre ní ọdún 1921, wọ́n sì gbà pé ní ilẹ̀ wa, ìlú, abúlé tàbí ẹbí ló nilẹ̀, olórí kàn ń ṣe alábòójútó rẹ̀ fún wọn ni. Láti inú ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ti fa ìlànà kan yọ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ wa tó wà lókèèrè mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀: bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ nínú títà ilẹ̀ ẹbí, títà náà kò sí rárá, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn abẹnugan ìdílé lọ́wọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí àwọn ìyókù bá tètè ké gbàjarè. Àbúrò olórí ẹbí tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ lórí fóònù, tó ń fi fọ́tò ilẹ̀ ránṣẹ́, tó ń pè ọ́ ní "ẹ̀gbọ́n mi dáadáa", kò ní agbára láti ta ohun tí gbogbo ẹbí ní, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ọ̀ràn kan tún wà tó jẹ́ ti àgbègbè wa ní pàtàkì. Ní ìgbà ìjọba Faransé, iṣẹ́ ipá, owó orí àti kíkó ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ìhà ọ̀hún, wọ́n sá wá sí ìhà ibí yìí, àwọn baba wa sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wọn nílẹ̀ dáko, àwọn àlejò náà sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Iṣu díẹ̀, àgbàdo díẹ̀, bóyá ẹmu nígbà ọdún: ìṣákọ́lẹ̀ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí pé onílẹ̀ mìíràn wà. Ọmọ ọmọ ẹni tó gba ilẹ̀ náà ti wá dàgbà síbẹ̀, ó mọ gbogbo igi ibẹ̀, ó gbà tọkàntọkàn pé ti bàbá òun ni, òun náà ló sì tà á fún ọmọ wa tó wà ní Manchester. Kì í ṣe olè. Síbẹ̀, ohun tí a kò ní, a kì í lè tà á. Irè oko ló jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a tó ná owó kan, ká wádìí lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò oko pé ta ló ń san, ta ló sì ń gbà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìbátan mi kan tó ti ìlú òyìnbó wá fún ìsinmi lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Òkúta sìmẹ́ńtì mẹ́rin ni wọ́n rì sí igun rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá ìwé ìwọnlẹ̀ tí wọ́n tẹ́ síwájú wa mu. Ọjọ́ tó wà lára ìwé náà ti lé ní ọdún mẹ́fà. Ìbátan mi ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń sọ ibi tí yàrá yóò kọjú sí. Mo fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà, ó mì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé etí rẹ̀ díẹ̀, koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Òkúta tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, koríko wo ni yóò ṣì tutù lábẹ́ rẹ̀? Bí a ti dúró síbẹ̀ ni ìyá àgbà kan jáde láti oko kejì, ó kí wa dáadáa, ó sì fi ọwọ́ han ìlà pèrègún kan tó gba àárín ilẹ̀ náà kọjá, ó ní bàbá òun ló gbìn ín. Kò bá wa jà. Ó kàn sọ ọ́, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. A kò ra ilẹ̀ náà.

Ohun tó yẹ kí a ti ṣe kí a tó débẹ̀ rárá ni kí a ti gbé nọ́ńbà inú ìwé ìwọnlẹ̀ náà lọ sí ilé iṣẹ́ olórí awọnlẹ̀ ìjọba ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba, kí a mọ̀ bóyá awọnlẹ̀ tó fọwọ́ sí i jẹ́ ẹni tí ìjọba mọ̀, bóyá ẹlòmíràn ti ní ìwé lórí ilẹ̀ kan náà, àti bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ fún ọ̀nà tàbí ilé iṣẹ́. Bí èsì yìí bá dára, ká tún lọ sí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta kan náà, ká wo ohun tí ìwé ìjọba sọ nípa ẹni tó ni ín. Owó tí ìwádìí yìí ń ná ènìyàn kò tó ìdá kékeré nínú iye ilẹ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ san, nítorí pé ẹni tó ń tà á ti sọ fún wọn pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san owó lọ́la.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí alámòójútó fún gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà wá, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń rà ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ náà, C of O, sì ń dá iye ọdún lé e, ọdún 99 ló sábà máa ń jẹ́. Bí ilẹ̀ tó ní irú ìwé yìí bá fẹ́ ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, òfin náà sọ pé asán ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò fi èyí ṣeré rárá: ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, wọ́n dá a pé dúkìá tí a fi dúró fún owó báńkì láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà kò dúró, báńkì sì pàdánù. Ní ti ilẹ̀ oko tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwé kan yẹ kó kọjá ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n kí ẹni tó rà á tó lè fọkàn balẹ̀.

Nítorí náà, rísíìtì tí wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ìka mẹ́ta sí, tí ọ̀pọ̀ yín tọ́jú sínú àpótí bí ẹní tọ́jú góòlù, kò dé ibi tí ẹ rò pé ó dé. Ẹ má jù ú nù o. Ẹ̀rí ni pé owó kúrò lọ́wọ́ yín. Ilé ẹjọ́ kà á sí díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ti gba ilẹ̀ náà tí ẹ sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí ìwé ìtalẹ̀ tí lọ́yà kọ, tí olórí ẹbí àti àwọn abẹnugan fọwọ́ sí, tí ìyọ̀ǹda wà lára rẹ̀, tí a sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀nà ṣì jìn.

Àwọn ajagungbalẹ̀ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé, mi ò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí pé gbogbo yín mọ̀ wọ́n ju èmi lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin lòdì sí wọn ní ọdún 2016, ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ sì dé ọdún 25 fún ẹni tó bá fi ohun ìjà gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu, kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti lọ́yà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìwé náà ni òfin yẹn máa kọ́kọ́ béèrè.

Nísinsìnyí, báwo ni ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ṣe ṣe gbogbo èyí? Yóò yan aṣojú, òfin sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé agbára aṣojú ni kí ó kọ, kí ó fọwọ́ sí i níwájú notary tàbí ní ilé aṣojú orílẹ̀-èdè wa, èyí tó wà ní Northumberland Avenue fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé wọn a kọ agbára náà gbòòrò bí agbádá: "kí ó ṣe ohunkóhun lórí dúkìá mi gbogbo." Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dárúkọ ilẹ̀ kan ṣoṣo náà, ẹ sọ ohun tí aṣojú lè ṣe, ẹ sọ ohun tí kò lè ṣe, ẹ fi ọjọ́ tí agbára náà yóò parí sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé orúkọ yín ni yóò wà lórí ìwé ìtalẹ̀. Aṣojú a máa fọwọ́ sí ìwé, orúkọ onínǹkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Owó ńkọ́? Ẹ san án sínú àpò báńkì tó jẹ́ ti ìdílé tó ń tà á, kí báńkì máa jẹ́rìí yín. Ẹ̀gbọ́n tí ẹ fọkàn tán kò nílò kí owó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín ní tòótọ́ yóò dúpẹ́ pé ẹ yọ òun nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé sí ìlú òyìnbó pẹ̀lú, nítorí pé ó kan ilé tí ẹ kọ́ tàbí tí ẹ rà síhìn-ín, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n títí tí owó fi lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ilé náà kò ju £300,000 lọ, kì í san owó òǹtẹ̀ fún ìjọba rárá, gẹ́gẹ́ bí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n "ìgbà àkọ́kọ́" tí òfin náà ń wí, gbogbo àgbáyé ló fi ń wò ó. Bí o bá ti ra ilé tí a ti kọ́ ní Ìlaròó rí, tàbí tí o jogún ọ̀kan, o kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ mọ́. Ilé £300,000 náà yóò gba £5,000 owó òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí ilé tó o ní ní Nàìjíríà bá sì tó £40,000 ní iye, tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ ní ọjọ́ tí o ń rà, ìjọba yóò kà á pé ilé kejì lò ń rà, wọn yóò fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un, owó òǹtẹ̀ yóò sì di £20,000. Ẹni tí kò bá sì gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó 183 ọjọ́ láàárín ọdún kan kí ó tó rà á, wọn yóò tún fi ìdá méjì lé e. Ẹni tó bá mọ èyí ṣáájú yóò lè tò ó, yóò mọ èyí tí yóò ṣáájú nínú ilé àti ìdálẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó sì dákẹ́ nípa ilé tó ní nílé nígbà tí lọ́yà bi í, irọ́ ló pa fún ìjọba, wọ́n sì lè wá a kàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Àwọn tí ń gbé Amẹ́ríkà, tiyín tún yàtọ̀. Bí àpapọ̀ owó tó wà nínú àwọn àpò báńkì yín ní òkè òkun, títí kan èyí tí ẹ ń fi kọ́lé nílé, bá kọjá 10,000 dọ́là ní ọjọ́ kan péré láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ìjọba wọn. Fọ́ọ̀mù ni, owó orí kọ́; àìkọ ọ́ ló ń di ìtanràn.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní lọ láìdárúkọ náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú owó wa sílẹ̀ ní ọjà; dọ́là tí iye rẹ̀ ní báńkì kò tí ì tó ₦480 kọjá ₦1,500 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹni tó fi pọ́n-ùn rẹ̀ ṣẹ́ náírà tó sì kó o sí báńkì de ọjọ́ tí yóò kọ́lé rí i tó ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí owó yín wà ní irú owó òkèèrè tí ẹ ń gbà títí di ọjọ́ tí ẹ ó ná an, kí ẹ sì máa kọ́lé ní ìpele ìpele bí awakọ̀ tó ń wo iná ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù nílé ní owó ìpamọ́ ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń yọ, èlé tí Federal Mortgage Bank ń gbà lórí ẹ̀yáwó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti àwọn báńkì ọjà. Ẹ béèrè nípa rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ju gbogbo èyí lọ. Èkíní ni ti ìwé ìrìnnà òyìnbó tí àwọn ọmọ wa ń gbà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 gbà pé ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà kì í pàdánù jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí ó bá di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ní ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà sì wà digbí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ tí ọ̀gbẹ́ni Huebner pe ilé iṣẹ́ kan, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ wà fún, àjèjì kò lè lọ béèrè ẹ̀tọ́ yìí. Nítorí náà, ọmọ yín tí ẹ bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ẹ gba ìwé ìrìnnà tiwa fún un, kí ó má baà dọjọ́ tí yóò dúró lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ tí wọn yóò máa pè é ní àjèjì.

Èkejì ni ikú. Ẹni tó kú láìkọ ìwé ìhágún, ìṣe ìdílé ló sábà máa ń pín dúkìá rẹ̀ tó wà nílé: ìdí-igi ni yóò jẹ́, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, àyàfi bí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà yóò wà tí ó sì yan orí-ó-jorí, ìyẹn pínpín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan; ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí wọ́n parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962 ló fi ìdí èyí múlẹ̀. Mo ti rí ìyàwó tó bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ogún ọdún kí wọ́n tó kọ́ ilé sí ilé bàbá ọkọ, tí ọkọ kú, tí orúkọ obìnrin náà kò sì sí lórí ìwé kankan. Wọ́n fún un ní yàrá kan láti sùn fún ogójì ọjọ́. Obìnrin tó bá fowó sí ilé, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé náà, kí ọkọ má sì bínú. Àwọn méjèèjì ló ru iyanrìn rẹ̀.

Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ Àfọ̀n, n kò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá dé ilé lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí, ẹ yọ ìwé tí ẹ ní lórí ilẹ̀ tàbí ilé yín jáde, ẹ tanná sí i, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín, ẹ pe lọ́yà ní ọjọ́ Ajé.